Ohun Tí Mo Rí Nídìí Pàkúté

Ní ọdún tí òjò dá lójijì ní Mọ́níyà,
àgbàdo mi ò ju ogójì ebè lọ,
ọ̀bọ sì ti jẹ mẹ́tàdínlógún nínú rẹ̀.
Mo ní ó tó gẹ́ẹ́.
Mo lọ yá pàkúté onírin lọ́wọ́ Kòlápọ̀ alágbẹ̀dẹ,
èyí tó dà bí àgò adìẹ,
mo fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì sínú rẹ̀,
mo lọ sùn, inú mi dùn bí ẹni tó kó àjọ.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí mo fi gbọ́ igbe.
Ọmọ kékeré ni.
Mo mọ̀ ọ́n.
Òun ni ọkọ̀ pa ìyá rẹ̀ lójú títì Ọ̀yọ́
lọ́sẹ̀ Iléyá,
tó dì mọ́ òkú títí oòrùn fi kan àtàrí,
títí dẹ́rẹ́bà kan fi sọ̀ kalẹ̀, tó wọ́ òkú náà sígbó.

Mo yọ àdá. N kò ní purọ́, mo yọ ọ́.
Ṣùgbọ́n wọn ò sá.
Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ọ̀bọ mọ́kànlá, wọn ò sá.
Akọ ńlá tí ìrù rẹ̀ ti gé jókòó sórí ebè,
ó kọjú sí mi, ó yọ eyín,
ara rẹ̀ ń gbọ̀n, mo rí i pé ó ń gbọ̀n,
kò sì kúrò.
Arúgbó kan, abo olójú kan,
na ọwọ́ gba àárín irin wọlé,
ó ń tú irun ọmọ náà,
ó ń yọ eégbọn ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan,
pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé kò sí pàkúté,
bí ẹni pé kò sí èmi.
Kì í ṣe ìyá rẹ̀. Mo ti sọ ibi tí ìyá rẹ̀ wà.
Òmíràn gbé àgbàdo wá, àgbàdo tèmi o,
ó bó o, ó tì í sínú irin fún ọmọ
kó tó fẹnu kan tirẹ̀.

Àdá bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo lọ́wọ́ mi.

Ní Òkè Àrẹ̀mọ, nílé tí wọ́n bí wa sí,
bí a bá fẹ́ bú ènìyàn, "ọ̀bọ" là ń pè é.
Ohun tí Mùftáù ẹ̀gbọ́n mi pè mí nìyẹn lọ́jọ́ tí a pín ilé,
mo dá a padà fún un, mo fi ìnàkí ṣe ènì.
Nítorí yàrá méjì àti ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí gọ́tà!
Ọdún kẹsàn-án rèé.
Nígbà tí wọ́n ní rọpárọsẹ̀ kọ lù ú,
mo ní kí Ọlọ́run fún un ní àlàáfíà.
Ẹnu ni mo fi ṣe é. Ẹsẹ̀ mi ò débẹ̀.
Òun sì ló ń fi abẹ́rẹ́ yọ jìgá lẹ́sẹ̀ mi ní kékeré,
tó ní kí n má sunkún,
kí n máa ka ọkọ̀ tó ń gun òkè.

Mo ṣí pàkúté.
Ẹ má rò pé wọ́n dúpẹ́.
Agérù ha mí lápá, àpá rẹ̀ rèé.
Olójú kan gba ọmọ mọ́yà,
wọ́n tún ya àgbàdo mẹ́ta sí i lọ.

Mo ṣan ẹsẹ̀, mo wọ ọkọ̀ dé Òjóó,
mo tún wọ òmíràn dé Mọ́kọ́lá,
mo ra ọsàn tí n kò mọ̀ bóyá ó lè jẹ.
Mùftáù wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ọ̀tún.
N kò rí ọ̀rọ̀ sọ.
Mo kàn rí i pé èékánná rẹ̀ ti gùn.
Mo ní kí ọmọ kan bá mi wá abẹ,
mo jókòó sílẹ̀, mo gbé ọwọ́ rẹ̀ sórí itan mi.
Ó wò mí títí. Ọ̀rọ̀ náà lọ́ kó tó jáde:
"Ọ̀... bọ."
Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi.
Ẹ má mira."